Ọ̀rọ̀ Tí Aili Kì Í Sọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó rọrùn lẹ́nu gbogbo ẹni tó lájá ní Thunder Bay, ìlú kan ní Kánádà. Bí ajá wọn bá ti gbéra, tó dorí kọ ọmọ ọlọ́mọ, tí àwọn fúnra wọn ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, okùn ajá lọ́wọ́ kan, ife kọfí lọ́wọ́ kejì, wọn kì í sáré. Wọ́n á kàn nahùn pé, "Ọ̀rẹ́ ni o." Wọ́n á sì tún gbé kọfí sẹ́nu.

Aili Rautio kì í sọ ọ́.

"Ọ̀rẹ́ ta ni?" Bó ṣe máa ń dá wọn lóhùn nìyẹn, láti orí àpótí tó máa ń jókòó lé lẹ́bàá géètì. "Ọ̀rẹ́ tìẹ, mo gbà, ìwọ lò ń bọ́ ọ. Ọmọ yìí ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti pàdé rí?"

Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa ń bú u lábẹ́lẹ̀. Kò kàn án.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Opó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi dúró ní ìkóríta iléèwé kan, pátákó pupa lọ́wọ́, tó ń dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ lè sọdá. Nínú òjò. Nínú òtútù tó ń sọ èémí di yìnyín sára ìpéǹpéjú. Ọkọ̀ ò fara kan ọmọ kankan rí lójú rẹ̀. Ọmọ ẹyọ kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri àti àkàrà òyìnbó. Ó fi aago tọrẹ. Pátákó ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú lọ. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, nínú yàrá méjì tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe.

Ọdún tí Eino ọkọ rẹ̀ kú ló gba Halla. Ọmọ ajá nígbà náà, àwọ̀ eérú, etí kan dúró, etí kan wó. Halla ni àwọn ará Finland, ìran Aili, ń pe òtútù tó máa ń já wọ oko lójijì nígbà tí ooru ṣì mú, tó ń pa ọ̀dùnkún mọ́lẹ̀. Àwọn tó gbọ́ èdè náà máa ń bi í pé kí ló dé tó fi sọ ajá lórúkọ burúkú bẹ́ẹ̀.

"Kó má baà yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tó bá ṣe nǹkan," ló máa ń wí. Àwàdà ni.

Pápá tí wọ́n ti ń tú ajá sílẹ̀ wà lẹ́bàá odò, wáyà yí i ká. Géètì méjì ló ní, àyè kékeré láàárín. Èèyàn á wọ ti àkọ́kọ́, á tì í, á tú okùn ọrùn ajá rẹ̀, kó tó ṣí ìkejì. Bí wọ́n bá ṣí méjèèjì pa pọ̀, ajá á já sí títì, tàbí kó já bo ọmọ tó ń bọ̀ lóde. "Ti ẹ̀yìn rẹ kó o tó ṣí iwájú," ni Aili máa ń wí, ní àràárọ̀, ọdún lé ọdún. Ẹnikẹ́ni ò gbà á síṣẹ́ yìí.

"Ta ló fi ẹ́ joyè onígéètì?" Orest ló máa ń bi í bẹ́ẹ̀. Orest Hnatiuk, bàbá sísanra kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì, tó ní ajá kúkúrú kan, olójúkòkòrò, tó ń pè ní Bíṣọ́ọ̀bù.

"Àwọn ọmọ tí ajá ẹ gba sọ́séèjì lọ́wọ́ wọn ni."

"Bíṣọ́ọ̀bù ò gba sọ́séèjì ẹnikẹ́ni rí. Ìdámẹ́wàá ló ń gbà."

Àwọn ọmọ ni Aili tìtorí wọn jókòó síbẹ̀. Ajá tí wọ́n tú sílẹ̀ kì í ṣe ajá inú ilé. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹgbẹ́ ń sáré, òun náà ń sáré, ọmọ ènìyàn tó bá kígbe tó sì sá ti di ohun tí wọ́n ń lé nìyẹn. Nítorí náà, kí ọmọ tó kọjá géètì kejì, Aili á kọ́ ọ láti di igi. Ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ ká mọ́ àyà, ẹ̀ka nìyẹn. Ojú sílẹ̀, wo gbòǹgbò rẹ. Má sọ̀rọ̀. Máa kà nínú, títí ajá á fi lọ.

"Ajá kì í bá igi ṣeré," á wí.

"Ó ń tọ̀ sí i lára ṣá," Orest á fèsì láti ẹ̀yìn.

"Aṣọ ṣe é fọ̀. Ojú ọmọ ò ṣe é pààrọ̀."

Ìgbà ooru ọdún yẹn ni Odette dé. Ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú méjì ti yọ, ẹ̀rù ajá ń bà á dé orí egungun. Corinne ìyá rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, dá nìkan ń tọ́ ọ. Wọ́n ní ajá dúdú kan tó ń fẹ́ sáré lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ìyá lè fi ọmọ sílẹ̀ tì. Ló bá di pé wọ́n jọ ń wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà kọ̀, kò kọjá àárín géètì méjèèjì. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún. Aili gbé àpótí rẹ̀ lọ jókòó tì í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí igi tó dára bí Odette ní pápá yẹn. Ajá mẹ́rin lè máa sáré yí i po, ìpéǹpéjú rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ó tún fi tirẹ̀ kún un.

"Mummo, igi wo ni mo jẹ́ lónìí?" Mummo ni àwọn ará Finland ń pe ìyá àgbà, gbogbo ọmọ tó wá sí pápá ló sì ń pe Aili bẹ́ẹ̀.

"Páìnì."

"Páìnì ni mo jẹ́ lánàá."

"Ó dáa, jẹ́ eléèpo funfun."

"Èyí tó ń bó?"

"Òun náà. Má wulẹ̀ bó kóòtù o."

Aili ò bímọ. Kì í sọ ọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́sìánì sínú àpò, àkàrà dídùn tí wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ osùn pa lójú. Ìdajì fún Odette nígbà tí wọ́n bá ti jáde, nítorí òun ló ṣòfin pé oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọ pápá.

Ohun kan ṣoṣo ni Odette ń tọrọ. Kí wọ́n jẹ́ kí òun dì mọ́ Halla.

"Ó tó," Aili á wí. "Fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, kó o sì ká a kúrò. Ajá ò mọ ìdìmọ́ni. Lójú ajá, ìdìmúni ni."

"Halla náà?"

"Gbogbo ajá. Kò sí ajá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ gbogbo ayé."

Ó mọ̀ ọ́n wí.

*

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá. Ewé ti pọ́n tán, ìrì ti ń dì lórí koríko. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni Halla ti ṣíwọ́ fífò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, Aili ló ń gbé e. Lọ́jọ́ kan tó ń fi tówẹ̀lì nu ìbàdí rẹ̀, ajá náà yíjú, ó fi eyín mú un lọ́wọ́. Kò gé e jẹ. Ó kàn mú un, ó wò ó lójú, ó sì fi sílẹ̀. Aili wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ ogbó ń dé bá àwa méjèèjì," ló wí, ó sì gbé tówẹ̀lì kọ́. Kò sọ fún dókítà ẹran. Kò sọ fún Orest.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọkùnrin kan kó ajá ńláńlá méjì wá, okùn wọn lọ́ pọ̀ láàárín géètì. Aili dìde láti ràn án lọ́wọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí pápá. Corinne wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀. Odette wà nídìí àpótí, ó jẹ́ igi, Halla sì ti wá, ó ń gbóòórùn bàtà rẹ̀.

"Mummo, mo ti kà dé ọgọ́rùn-ún."

"O ṣeun."

"Ṣé mo lè dì mọ́ ọn? Lẹ́ẹ̀kan péré."

Ọwọ́ Aili ń tú okùn. Ọkùnrin náà ń tọrọ àforíjì, ajá rẹ̀ ń fà. Oòrùn ràn díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ tó ń sunkún láàárín géètì lọ́jọ́sí ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí láti dì mọ́ ajá òun. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Dì mọ́ ọn," ló wí. "Ọ̀rẹ́ ni."

Ẹyin lohùn. Ó bọ́.

Ọmọ náà ṣí ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì. Ó dì mọ́ Halla níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ní ìbàdí, ó fún un mọ́ra pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ oṣù mẹ́rin. Kò sí gbígbó. Ohùn kan ṣoṣo, kúkúrú, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá há ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí Aili yíjú, Halla ti sá lọ sábẹ́ àpótí, Odette sì dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Àgbà wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́.

*

Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rán an ní ọsíbítù, láti igun ètè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú là á. Eyín là á. Àpá á wà.

Òṣìṣẹ́ ìlú tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá pe Aili lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Pelkey ni orúkọ rẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́.

"Ìyáàfin Rautio, Tọ́sìdeè ni màá wá. Ohun tí mo máa béèrè ò ju ẹyọ kan lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ajá tó bu ọmọ jẹ? Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló tọ́ ọ, tó dì í mú láìgba àyè, ìkìlọ̀ ni. Ẹ máa fi àwọ̀n dè é lẹ́nu níta, ó parí."

"Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ajá eléwu nìyẹn, mà. Àgò onírin ní ẹ̀yìnkùlé, àgádágodo méjì. Kò gbọdọ̀ wọ pápá mọ́ láéláé."

"Mi ò ní ẹ̀yìnkùlé."

"Mo mọ̀, mà. Bí kò bá sí àyè fún àgò, pípa ni wọ́n ń pa ajá eléwu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣàlàyé fún yín kí n tó dé."

Orest wá lọ́jọ́ Túsìdeè, pẹ́sìánì mẹ́fà nínú páálí. Bíṣọ́ọ̀bù wọlé ṣáájú, ó lọ dùbúlẹ̀ ti Halla lẹ́bàá sítóòfù.

"Jẹun."

"Ebi ò pa mí."

"Ta ló ní ebi ń pa ẹ́? Mo ní kó o jẹun." Ó jókòó, àga dún. "Gbọ́ mi, Aili. Mo rí i láti òkèèrè. Ọmọ yẹn ló dì mọ́ ajá. Gbogbo pápá ló ń sọ ọ́. Wọ́n tún ní ìyá ẹ̀ ò wo ọmọ. Irọ́ ni mo pa?"

"O ò purọ́."

"Ó parí. Ohun tó o máa sọ fún Pelkey nìyẹn. 'Ọmọ dì mọ́ ajá mi.' Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kí ló tún kù?"

Aili ń wo pátákó pupa lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orest ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ. Ọkùnrin alájá méjì ò gbọ́, àwọn ajá rẹ̀ ń gbó. Ẹni méjì péré ló gbọ́. Òun. Àti ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ní ìdajì, bí pẹ́sìánì, ìdajì yìí ti tó láti gba Halla là.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ni Corinne gun àtẹ̀gùn wá. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Aili rò pé ó wá bínú ni, ó ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Corinne ò bínú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Aili."

"Ìwọ?"

"Nínú ọkọ̀ tá à ń lọ sí ọsíbítù, mo pariwo mọ́ Odette. Mo ní kí ló dé tó o gbàgbé nǹkan tí Mummo kọ́ ẹ? Ó ní òun gbàgbé ni. Látìgbà yẹn..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó ń dúró sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì. Ó ń di igi. Bí mo bá ní kó wá jẹun, ó ní kò ì tó. Ó ní bí òun bá ti dúró dáadáa ni, wọn ò ní pa Halla. Wọ́n ti sọ fún un níléèwé pé wọ́n máa pa á."

"Ó ní òun gbàgbé?"

"Ohun tó ń sọ nìyẹn."

Ibi tó yẹ kí Aili ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó la ẹnu. Halla gbórí sókè lẹ́bàá sítóòfù, ó wò ó, etí kan dúró, etí kan wó. Ó pa ẹnu dé.

"Màá gbàdúrà fún un," ló wí.

Corinne dúpẹ́. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Aili jókòó, ó wo ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní ìkóríta. Àwọn ọmọ máa ń wo ojú rẹ̀, wọn kì í wo ọkọ̀. Bó bá ti ní "ẹ máa bọ̀," wọ́n á gbẹ́sẹ̀. Wọn ò ní wo ọ̀tún, wọn ò ní wo òsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni títì wọn.

*

Orest ti jókòó kí Pelkey tó dé ní Tọ́sìdeè. Ó ní òun wá ṣẹlẹ́rìí. Pelkey yọ bírò, ó wo Halla, ó ní kí ajá náà má bínú.

"Ó yá, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ajá tó bu ọmọ jẹ?"

"Ọmọ dì mọ́ ọn," Orest wí. "Ojú mi ló ṣe."

"Ìyáàfin ni mo bi, sà."

"Ọmọ dì mọ́ ọn," Aili wí.

Pelkey ń kọ ọ́. Orest mí kanlẹ̀.

"Ó dúró bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó kà dé ọgọ́rùn-ún. Ó gba àyè lọ́wọ́ mi. Mo ní kó dì mọ́ ọn."

Bírò dúró.

"Aili," Orest wí, ohùn ìkìlọ̀.

"Mo ní ọ̀rẹ́ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ajá náà sì ti fi eyín mú mi ṣáájú ìyẹn, nítorí ìbàdí tó ń dùn ún. Mo rí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ ìyẹn náà."

"Mà, ṣé ó yé yín pé bí mo bá kọ ọ́ báyìí..."

"Ó yé mi."

Orest dìde. Ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Arábìnrin olóríkunkun," láìyíjú. Ohùn rẹ̀ ti rin.

Ọjọ́ Fúráìdeè ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Aili ló gbé Halla sínú ọkọ̀, bó ṣe ń gbé e látìgbà ìkórè. Dókítà tẹ ìbàdí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní egungun náà ti jẹ wọnú, ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún. Ajá máa ń fi pa mọ́, ó wí. Aili ní òun mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí Halla sórí itan. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Kò dì mọ́ ọn. Dókítà gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Títí dé òpin, Aili ò dì mọ́ ọn.

*

Sátidé. Corinne ló ṣílẹ̀kùn. Aili sọ ọ́ fún un níbẹ̀, kó tó wọlé, gbogbo rẹ̀, láìjókòó. Corinne yẹ̀ kúrò lọ́nà kó lè kọjá, kò sì wojú rẹ̀.

Odette wà ní kíṣìnì, ó ń ya àwòrán. Okùn abẹ́rẹ́ dúdú lẹ́rẹ̀kẹ́, bí kòkòrò tó ń gùn ún. Ó gbórí sókè, ó rí Aili. Ó fi bírò sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sí kọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ ká mọ́ àyà. Ojú sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ ọ ló mọ ohun tó jẹ́. Dúró bẹ́ẹ̀, títí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù á fi lọ.

Aili ò sún mọ́ ọn. Ibi tó dé náà ló kúnlẹ̀ sí.

"Odette. O ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo ní kó o dì mọ́ ọn."

Odette ń wo gbòǹgbò rẹ̀. "Mo mọ̀," ló wí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún màmá ẹ?"

Ètè rẹ̀ ò lè là dáadáa.

"Ẹ ò ní ẹlòmíì," ló wí. "Halla nìkan lẹ ní."

Ẹ̀rọ amóúnjẹtutù ń kùn. Corinne yíjú sí ògiri.

"Halla ńkọ́?" ọmọ náà béèrè.

"Kò sí mọ́. Àná ni. Kì í ṣe ìwọ. Ó ń ṣàìsàn, mo rí i, mo dákẹ́. Mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Èmi ni, Odette. Ṣó o gbọ́? O jẹ́ igi tó dáa."

Odette gbọ́. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà. Aili dúró lórí eékún, bí ajá tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa ń dúró, ó ń wò bóyá ẹ̀ka yẹn á ṣí. Ìyá àgbà kan lè dúró pẹ́. Ó dúró títí eékún rẹ̀ fi kú. Ẹ̀ka náà ò ṣí.

Ó di tábìlì mú, ó dìde. Ó gbé ìdajì pẹ́sìánì sílẹ̀ tì àwòrán náà.

Ilẹ̀kùn méjì ni ilé wọn ní, bí ilé gbogbo níbẹ̀, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún òtútù, àyè kékeré láàárín. Aili dé àárín, ó sì dúró. Ó ti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú títí ó fi gbọ́ pé ó há, nítorí ọmọ wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà ló tó ṣí ti iwájú.